Ta Ló Ń Jẹ́ Póẹ́ẹ̀tì, Ta Ló Ń Jẹ́ Akéwì?

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ṣì ní ìtẹ̀jáde wa tó kọjá lọ́wọ́, tí ẹ ò tíì fi wé ẹ̀pà, ẹ ṣí ojú-ewé kejì. Ibẹ̀ ni Ẹ̀dítọ̀ to orúkọ àwa tí iṣẹ́ wa wọlé sí. Lókè, ó kọ “Poets”, orúkọ mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà gbọọrọ kan. Lábẹ́ ìlà yẹn, ó kọ “Akéwì”, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tèmi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn mọ́kànlá yẹn kọ tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwa mẹ́ta kọ tiwa ní Yorùbá. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn láàárín wa.

Mo bi Ẹ̀dítọ̀ léèrè ní ìpàdé. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ẹni tó ń kọ póẹ́mù ni póẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ké ewì ni akéwì. Kálukú pẹ̀lú orúkọ tiẹ̀.” Ẹnìkan láti ẹ̀yìn tún fi kún un pé akéwì ni èyí tó ń wá sí ìsọmọlórúkọ tí wọ́n ń lẹ náírà mọ́ níwájú orí, póẹ́ẹ̀tì ni èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìpàdé sì ń lọ.

Mi ò wá jà. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pín ara wa sókè sódò yìí, “poet”, ṣé a mọ ibi tó ti wá? Gbogbo Sátidé la máa ń kó ewì ara wa sórí tábìlì, a ó tú u palẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí náà wò. Torí pé kì í ṣe ọmọ bíbí inú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀dọ̀ Látìnì ló ti wá, Látìnì gan-an sì yá a ni.

Àwọn Gíríìkì ló ni ín. Ní èdè tiwọn, “poiein” ni kí èèyàn ṣe nǹkan: kó kan àpótí, kó mọ ìkòkò, kó kọ́ ilé. Ẹni tó ṣe é ni “poiētēs”, aṣe-nǹkan. Kò sí ẹ̀mí mímọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀, orúkọ yìí kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe akéwì wọn. Nínú Odyssey, ìwé tí wọ́n ní Homer ló ni ín, “aoidos” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn akọrin. Demodocus afọ́jú, tó ń kọrin láàfin níbi tí wọ́n ti gba Odysseus lálejò, aoidos ni. Phemius tó ń kọrin nínú ilé Odysseus fúnra rẹ̀, aoidos ni òun náà. Ibì kan sì wà nínú ìwé yẹn tí wọ́n ti ka irú àlejò tí èèyàn máa ń ránṣẹ́ pè wá láti ìlú òkèèrè: aríran, oníṣègùn, gbẹ́nàgbẹ́nà, àti akọrin. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ẹ wo ẹgbẹ́ tí wọ́n kó o sí! Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ọdẹ ṣe ń ránṣẹ́ sí oníjàálá nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, á mọ̀ pé ìlú Homer àti ìlú tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Ó di ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi kí a tó rí “poiētēs” káàkiri. Herodotus tó kọ ìtàn ń lò ó fún àwọn bíi Homer. Aoidos ń sọ ti ohùn, poiētēs ń sọ ti ọwọ́. Ọ̀rọ̀ méjì fún èèyàn kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ojú ń wò ti yàtọ̀.

Plato fi obìnrin kan tó ń jẹ́ Diotima sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nínú ìwé Symposium, ọ̀rọ̀ náà sì mú ọgbọ́n dání. Ó ní gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ pátá ló yẹ kó máa jẹ́ poiētēs, torí gbogbo wọn ló ń mú ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ jáde. Àmọ́ àwọn èèyàn gba orúkọ náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n wá fún àwọn tó ń ṣe orin àti ọ̀rọ̀ oníwọ̀n nìkan. Aristotle akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tún wá ní èyí gan-an kù díẹ̀ káàtó. Ó ní bí ẹnìkan bá kọ ẹ̀kọ́ nípa oògùn sínú ọ̀rọ̀ oníwọ̀n, wọ́n á máa pè é ní poiētēs, nígbà tó jẹ́ pé Homer àti Empedocles tó kọ̀wé nípa bí ayé ṣe rí ò ní nǹkan kan pọ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Aristotle yìí pamọ́ sápò. Màá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín tó bá yá.

Ó wá ku Róòmù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Lọ́dún 240 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn ará Róòmù fi sí pé Livius Andronicus gbé eré oníṣe kalẹ̀ ní èdè Látìnì. Gíríìkì ni ọkùnrin yìí. Wọ́n ní ará Tarentum ni, ní gúúsù Ítálì, pé ẹrú ni tẹ́lẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó dá a sílẹ̀. Òun náà ló gbé Odyssey sí Látìnì. Ẹ wo bó ṣe ṣe é: kò kó ìwọ̀n Gíríìkì wọlé, ìwọ̀n tí àwọn ará Ítálì ti ń lò tẹ́lẹ̀ ló fi kọ ọ́. Níbi tí Homer ti ké pe Músà, òrìṣà orin àwọn Gíríìkì, Livius pe Camena, òrìṣà omi àwọn ará Róòmù. Àlejò yìí ló bọ̀wọ̀ fún ohun tó bá nílé! Tó bí igba ọdún lẹ́yìn náà, ìwé rẹ̀ yìí ni tíṣà ṣì ń fi pàṣán kọ́ Horace ní kékeré, Horace fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pe irú Livius nígbà náà? Festus, ẹni tó kó ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ jọ, ní “scriba” ni àwọn ará àtijọ́ ń pè wọ́n, akọ̀wé, orúkọ kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Lọ́dún 207, Livius kọ orin kan tí wúńdíá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ yí ìlú ká nígbà ogun. Festus ní nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn akọ̀wé àti òṣèré láàyè láti máa pàdé nínú tẹ́ńpìlì Minerva lórí òkè Aventine. Ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé nìyẹn o, tó ní ibi ìpàdé tirẹ̀. (Àwa ń pàdé lábẹ́ igi.)

Láàárín àkókò yẹn náà ni “poeta” wọlé. Ó jọ pé ẹnu ló gbà wọlé, kì í ṣe inú ìwé. Àwọn Gíríìkì ìlú Tarentum àti agbègbè rẹ̀ kì í fi “-tēs” parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, “-tas” ni wọ́n ń fi parí rẹ̀, òun ni Látìnì sọ di “-ta”. Èyí mú nǹkan ẹ̀rín kan wá: ọ̀rọ̀ tó bá parí sí “-a” ní Látìnì, abo ló sábà máa ń jẹ́ nínú gírámà. Ṣùgbọ́n “poeta” jẹ́ akọ, bíi “nauta”, atukọ̀, tí wọ́n yá lọ́wọ́ Gíríìkì bákan náà. Títí dòní, ọmọ iléèwé tó bá ń kọ́ Látìnì gbọ́dọ̀ há àwọn wọ̀nyí sórí lọ́tọ̀. Àlejò ò ṣe é fi pamọ́.

Nínú eré Plautus ni a ti rí i dáadáa. Nínú Pseudolus, tí wọ́n ṣe lọ́dún 191, ẹrú ọlọ́gbọ́n kan fi ara rẹ̀ wé poeta: ó ní ohun tí kò sí níbì kankan ni poeta máa ń wá, á sì rí i, á sì mú irọ́ jọ òótọ́. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Èyí tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀ wà nínú eré rẹ̀ mìíràn, Miles Gloriosus, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa poeta kan tó jẹ́ “barbarus” tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Naevius ló ń bá wí, akéwì Róòmù tí ẹnu rẹ̀ kó o sí wàhálà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá. Ẹ fetí sí “barbarus” yẹn. Ìlú Gíríìkì ni wọ́n fi eré náà sí, nítorí náà lójú àwọn inú eré, ará Róòmù ni ará oko. Plautus, tó ń fi Látìnì jẹun, tó ń bá ará Róòmù sọ̀rọ̀ ní Róòmù, ló ń pe akéwì Róòmù ní poeta ará oko! Orúkọ tí wọ́n yá yìí gbé ojú ẹni tó ni ín dání, ojú yẹn ni wọ́n sì wá ń fi wo ara wọn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló fara mọ́ ọn. Cato àgbà, tí kò fẹ́ràn àṣerégèé Gíríìkì, sọ pé láyé àwọn baba àwọn kò sí iyì fún iṣẹ́ ewì, pé ẹni tó bá gbájú mọ́ ọn, alárìnkiri ni wọ́n ń pè é. Ó tún bú olóṣèlú kan tó kó akéwì dání lọ sójú ogun. Ennius ni akéwì náà. Kí ẹ sì wá gbọ́ o: Cato yìí kan náà ló mú Ennius wá sí Róòmù láti Sardinia. Irú àwọn bàbá báyìí ò tíì tán láyé.

Ennius gan-an lèèyàn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Wọ́n bí i lọ́dún 239, ó kú lọ́dún 169. Èdè mẹ́ta ló gbọ́: Gíríìkì, Oscan àti Látìnì. Ó máa ń sọ pé ọkàn mẹ́ta lòun ní. Èyí ò yàtọ̀ sí tiwa, àwa tí à ń bá ìyá wa sọ Yorùbá, tí à ń bá lẹ́kíṣọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí à ń bá ara wa sọ píjìn. Kí ni Ennius wá fi ọkàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe? Ó kó ìwọ̀n Homer wọ inú Látìnì. Ó lé Camena jáde, ó dá Músà padà sórí àga. Ó sì sọ nípa àwọn tó ṣáájú rẹ̀ pé irú èyí tí àwọn iwin inú igbó àti àwọn “vates” ń kọ láyé àtijọ́ ni wọ́n ń kọ. Òun ní tirẹ̀, poeta ni.

“Vates” yìí ni ọ̀rọ̀ ilé. Aríran ló túmọ̀ sí, ẹni tí ohùn ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Varro onímọ̀ tiẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ni orúkọ tí wọ́n ń pe akéwì láyé àtijọ́. Lọ́wọ́ Ennius, ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀gàn, orúkọ àwọn awoṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣé ẹ ti ń rí ojú-ewé kejì ìwé wa báyìí? “Poeta” lókè, ìlà gbọọrọ, “vates” nísàlẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Ennius o. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Bí kò bá kó ìwọ̀n yẹn wọlé, Virgil ò ní rí ohun tí yóò fi kọ Aeneid bó ṣe kọ ọ́. Èèyàn lè yá nǹkan kó sì fi là. Ẹjọ́ tí mo ń bá a rò ò ju ti ìlà gbọọrọ yẹn lọ.

Nígbà tó fi máa di ọdún 62, orúkọ poeta ti gbayì débi tí Cicero fi lè dúró ní kóòtù, kó máa gbèjà Archias, akéwì Gíríìkì tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ọmọ Róòmù lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì sọ fún àwọn adájọ́ pé ó yẹ kí orúkọ poeta jẹ́ ohun mímọ́ lójú wọn. Ọmọ ìlú Cato ló ń sọ̀rọ̀ yìí! Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí wá ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ka Gíríìkì jù, tí kò sí ẹni tó lè pè wọ́n ní ará oko, àwọn gan-an ni wọ́n lọ gbé “vates” dìde nílẹ̀. Nínú Eclogue kẹsàn-án Virgil, olùṣọ́ àgùntàn kan sọ pé àwọn Músà ti sọ òun di poeta, pé àwọn darandaran ẹgbẹ́ òun sì ń pe òun ní vates, àmọ́ òun ò gbà wọ́n gbọ́. Ẹ tún èyí gbọ́: poeta ni òun, ìyẹn dá a lójú, vates ni kò dá a lójú, ìyẹn ti ga jù fún un. Ọ̀rọ̀ ilé ti borí ọ̀rọ̀ àlejò. Horace náà, nígbà tó kó ìwé orin rẹ̀ mẹ́ta jáde lọ́dún 23, ẹgbẹ́ àwọn vates ló bẹ̀bẹ̀ nínú orin àkọ́kọ́ pé kí wọ́n ka òun mọ́. Láti Ennius dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ju bí àádọ́jọ ọdún lọ.

Ìjọba Róòmù wó, ọ̀rọ̀ náà ò bá a wó. Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 ẹsẹ 28, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bá àwọn ará Áténì sọ̀rọ̀ tó sì mú ọ̀rọ̀ àwọn akéwì wọn lò. Poiētēs ló wà nínú Gíríìkì ibẹ̀, poeta ló wà nínú Bíbélì Látìnì. (Ẹ lọ wo ohun tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì yín fi sí i, kí ẹ wá sọ fún mi ní Sátidé.) Látìnì ló pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀: poeta ni ní Ítálì, Sípéènì àti Pọtogí, poète ni lọ́dọ̀ àwọn Faransé, àwọn Faransé ló sì gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọjá dé Pólàǹdì àti Rọ́ṣíà.

Àmọ́ ibi tó bá dé, ìlà gbọọrọ yẹn máa ń bá a dé ibẹ̀ ni.

Dante kọ ìwé Vita Nuova ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fi Látìnì kọ ọ́ ló ń jẹ́ poeta. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun, “rimatore” ni, ìyẹn asọ̀rọ̀-dọ́gba. Dante fara balẹ̀ ṣàlàyé nínú ìwé yẹn pé àwọn asọ̀rọ̀-dọ́gba wọ̀nyí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti poeta. Bí agbẹjọ́rò ló ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó fi máa kọ ìwé Paradiso tán, kò ṣàlàyé mọ́: ó sọ pé bí òun bá padà sílé, poeta lòun máa padà gẹ́gẹ́ bí, kí wọ́n dé òun ládé níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún òun. Èdè ìyá rẹ̀ ló fi kọ ìyẹn.

Ó wá kan àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ẹ̀dítọ̀ mi, ẹ tẹ́tí o. “Scop” ni wọ́n ń pe akéwì láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kú. Chaucer, tó kú lọ́dún 1400, tí wọ́n ń pè ní bàbá ewì Gẹ̀ẹ́sì, kò jẹ́ pe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní ti poet wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Petrarch ará Ítálì, tí wọ́n dé ládé ní Róòmù lọ́dún 1341, ló pè ní poet. Ohun tí òun ń kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, “making” ló pè é, ṣíṣe lásán. Ní ìparí Troilus, ó rán ìwé rẹ̀ níṣẹ́ pé kó má ṣe fìgagbága pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, kó wólẹ̀ níwájú àwọn póẹ́ẹ̀tì gidi, kó fi ẹnu ko ilẹ̀ tí Virgil, Ovid, Homer, Lucan àti Statius tẹ̀ kọjá. Poet lókè, ìlà gbọọrọ, maker nísàlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà nísàlẹ̀ nígbà yẹn! Èdè tí a fi gbé àwọn mọ́kànlá yẹn gun òkè yìí náà ni wọ́n ní kò lè bí póẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé “maker” gan-an ni ìtumọ̀ “poiētēs”. Ohun tí wọ́n kà sí kékeré nílé ni ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì ti ń sọ látẹ̀yìnwá. Philip Sidney ló wá rí i, nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1595 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní bóyá àwọn ṣe kòńgẹ́ ni o, bóyá ọgbọ́n ni o, àwọn àti Gíríìkì pàdé lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Skọ́tíláǹdì wọn ò jẹ́ kó kú: “makar” ni wọ́n ń pe akéwì wọn àtijọ́, lọ́dún 2004 wọ́n sì gbé orúkọ yẹn wọ Edwin Morgan lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí akéwì gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Tiwa ńkọ́? Àwọn bàbá wa kì í ní orúkọ kan fún gbogbo wọn. Oníjàálá ń sun ìjálá, asunrárà ń sun rárà, àwọn ọ̀jẹ̀ ń pe ẹ̀sà eégún, ìyàwó ń sun ẹkún ìyàwó. Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé ni a nílò orúkọ kan tó máa kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Dénrelé Ọbasá, tó ń tẹ ìwé ìròyìn The Yoruba News n’Ìbàdàn, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1927, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì. Kì í ṣe ibi ìsọmọlórúkọ la ti bá “akéwì” yìí o, ara ìwé títẹ̀ la ti bá a. Nítorí náà ẹni tó sọ pé akéwì ò mọ ìwé, pẹ̀lẹ́ o.

Síbẹ̀ mo gbà pé orúkọ méjèèjì ò rí bákan náà. Akéwì dà bí aoidos, ti ohùn ló ń sọ. Póẹ́ẹ̀tì ń sọ ti ọwọ́. Ohùn ní òfin tirẹ̀: Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde lọ́dún 1966, fi hàn pé bí oníjàálá bá ṣi oríkì sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a dúró lójú agbo. Ta ló ń dá àwa dúró? Àwa tó ń kọ tiwa sórí bébà, tí ò sí agbo, tí ò sí ẹni tó máa sọ pé “irọ́ lo pa níbẹ̀ yẹn”? Ọláńrewájú Adépọ̀jù, tó kú lọ́dún 2023, ké ewì lórí rédíò àti nínú àwo, odindi ìlú ló ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé ọ̀gbẹ́ni yẹn ò ṣe nǹkan, pé ó kàn ń ké ni, kó wá gbọ́ bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ lé ara wọn kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ Aristotle jáde nínú àpò báyìí, ká fi wọn iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá inú ìtẹ̀jáde yẹn. Màá bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi kí ẹ má baà ní mo ń gbè sẹ́yìn ara mi. Ewì tèmi lórí iná mànàmáná, òwe mẹ́sàn-án ló wà nínú ìlà ogún. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lánàá, ojú tì mí. Mo kàn kó ohun tí àwọn baba ti ṣe sílẹ̀ jọ ni, bí ẹni tó kó àga ilé onílé síta tó ní òun gbẹ́ ẹ. Ké ni mo ké, mi ò ṣe nǹkan kan. Lára àwọn mọ́kànlá náà, méjì ní òjò dídì nínú, nílé ìwé tí à ń sá wọ abẹ́ fáànù láti oṣù kejì. Mẹ́rin mìíràn gé gbólóhùn kékeré kékeré sí ìlà kékeré kékeré. Bí ẹ bá so wọ́n padà, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́bìnrin ni. (Látìnì ní orúkọ fún irú wa o, “poetaster”, Erasmus ló hun ún lọ́dún 1521, Ben Jonson sì fi pe eré rẹ̀ kan lọ́dún 1601.)

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀, ní ojú-ewé kẹfà, èyí tó kọ nípa ìyá tó ń din àkàrà ní ìdájí, tí epo ń ta sí i lápá tí kò sì yọ ọwọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ìró epo yẹn títí mo fi sùn. Èyí tí ọmọ 100 level kọ ní Yorùbá nípa bàtà bàbá rẹ̀ tó kú, tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbé kúrò, náà ṣe mí bákan. Àwọn méjèèjì yìí ṣe nǹkan, nǹkan náà sì dúró. Ìlà gbọọrọ ló wà láàárín wọn ní ojú-ewé kejì: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo fẹ́ kí Ẹ̀dítọ̀ sọ fún mi ohun tí ìlà yẹn ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí wọ́n to orúkọ wa gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì nínú èyí tó ń bọ̀, kí wọ́n pe gbogbo wa ní akéwì tàbí kí wọ́n pe gbogbo wa ní póẹ́ẹ̀tì, èyí tó bá wù wọ́n. Bí ìyẹn bá le jù, tí àwa Yorùbá ṣì máa wà lẹ́yìn, kí wọ́n bá wa bẹ ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì wa kó ra ìǹkì tuntun, torí ojú-ewé tó gbẹ̀yìn ló máa ń tán sí, ìdajì ewì ọmọ 100 level yẹn ni kò hàn nínú ẹ̀dà tèmi.